Ófùnù Tí Kò Gbóná

"Ófùnù mi ò gbóná mọ́." Gbólóhùn kan ni, ṣùgbọ́n ọ̀ràn bíi mẹ́rin ló lè wà nídìí rẹ̀. Èyí kan kò tan rárá: gílóòbù inú rẹ̀ dúdú, fáànù rẹ̀ dákẹ́. Òmíràn ń tan gílóòbù, fáànù rẹ̀ ń yí, àmọ́ téèyàn bá na ọwọ́ sínú rẹ̀, atẹ́gùn lásán ni. Òmíràn á lọ́ wọ́ọ́rọ́, á dúró síbẹ̀, kò ní lọ síwájú. Òmíràn sì wà tí òkè rẹ̀ ń jó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n tan iná. Oníṣẹ́-iná tó bá mọṣẹ́ á béèrè èwo ni nínú wọn kó tó ṣí àpò irinṣẹ́. Èyí tó bá wọlé tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì, mi ò lè fi ófùnù tí ẹnì kan fi ń jẹun sí i lọ́wọ́.

*

Kéèkì tó bàjẹ́ máa ń jẹ́rìí. Bí orí rẹ̀ bá ti pọ́n tí ìdí rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ páànù, ẹ́límẹ́ǹtì ìsàlẹ̀, ìyẹn irin dúdú tó ń mú ooru wá, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ti ẹ̀yìn bá jó tí ti iwájú ṣì funfun, ẹ lọ wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ó ṣeé ṣe kí ooru máa gba ibẹ̀ sá. Bí ó bá wú tó sì wó láàárín, tí ìwọ̀n èlò tí ẹ fi pò ó kò yí padà, ooru ló pẹ́ kó tó dé: atẹ́gùn tí bákìn páńdà gbé dìde ti lọ tán kí ẹyin àti ìyẹ̀fun tó le.

Àwọn ìyá oníkéèkì mọ gbogbo èyí bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ẹni tó wá tún ófùnù ṣe bi wọ́n léèrè. Á ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ríbi ṣiṣẹ́." Ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ló ń lé sẹ́yìn yẹn, á wá máa fi ọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn.

*

Háàfù kọ́rẹ́ǹtì, iná tí kò tó, ló jẹ̀bi jù, òun náà sì ni wọn kì í mú.

Ní Nàìjíríà, fóòtì 230 ni iná tó yẹ kó wọlé, òun náà sì ni wọ́n fi ṣírò agbára ófùnù nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ wáàtì 2000. Bí iná bá wálẹ̀ sí fóòtì 160, wáàtì tó kù níbẹ̀ kò ju bíi 970 lọ. Fóòtì tó lọ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, àmọ́ ooru tó bá a lọ ju ìdajì. Bí ó bá sì wálẹ̀ dé 115, tó jẹ́ ìdajì géérégé, ooru tó kù jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí ni pé bí fóòtì ṣe ń dín kù ni iná tó ń gba inú wáyà kọjá náà ń dín kù, àdánù méjèèjì sì ń sọ ara wọn di púpọ̀.

Ohun tó ń tan wá jẹ ni gílóòbù òde òní. Àwọn LED yìí á máa tàn kedere lórí iná tí kò tó, tẹlifíṣàn á máa sọ̀rọ̀, fóònù á máa gba iná sára. Gbogbo ilé á ní iná dáa. Ófùnù nìkan ni yóò máa jìyà, òun náà ni wọn yóò sì dá lẹ́bi. Nígbà tí gílóòbù àtijọ́ ṣì wà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ, kò sí ẹni tí yóò nílò mítà kó tó mọ̀.

Nítorí náà, sókẹ́ẹ̀tì ni kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ wọ̀n, kó sì wọ̀n ọ́n nígbà tí ófùnù ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Sókẹ́ẹ̀tì tí kò gbé ẹrù lè fi 220 hàn, kó sì já sí 170 bí ẹ bá ti tan ófùnù. Ìyẹn á sọ fún yín pé ọ̀nà tí iná gbà wá ló ní àìsàn: wáyà tó tín-ín-rín jù, ojú ìso tó dẹ̀, tàbí tiransifọ́mà tí àdúgbò ti di lé lórí. Láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá sùn ló máa ń burú jù. Ìdí nìyí tí àwọn oníkéèkì kan fi ń jí yan nǹkan lóru. Ẹ má pè é ní àṣejù. Aago méjì òru ni ófùnù wọn máa ń rí ooru tó yẹ ẹ.

*

Sitébíláísà kì í dá iná. Bí iná bá wà ní 160, tí ẹ sì fẹ́ kó di 230 fún ófùnù wáàtì 2000, áḿpù tó ju 12 ló gbọ́dọ̀ fà látọ̀dọ̀ wáyà ìgboro. Sitébíláísà kékeré tí wọ́n rà fún tẹlifíṣàn yóò gbóná, á rùn, á kú. Òmíràn á kú tòun ti sókẹ́ẹ̀tì.

*

Ọ̀pọ̀ ófùnù tó wá láti Yúróòpù ló ní aago níwájú. Bí iná bá lọ tó tún dé, aago náà á máa ṣẹ́jú, 00:00 tàbí 12:00, títí ẹnì kan á fi tún un ṣe. Púpọ̀ nínú wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹ́límẹ́ǹtì gba iná títí dìgbà náà. Gílóòbù lè tàn o, ṣùgbọ́n ooru kò ní sí. Níbi tí iná kì í ti í lọ, ìyọlẹ́nu ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ó di ohun tí wọ́n ń pè ní àìsàn.

Ẹ wo iwájú aago náà dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ wọn, àwòrán ọwọ́ kékeré kan wà. Bọ́tìnì méjì ni ẹ ó tẹ̀ pọ̀, ẹ ó sì dì í mú títí àwòrán ọwọ́ náà á fi yọ: ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ yín ni ófùnù wà, kì í ṣe ọwọ́ aago. Lára àwọn tí táímà wọn jẹ́ ti yíyí, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí òdo, kò ní gbóná láéláé. Ẹ yí i sí ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́, tàbí sí àmì ọwọ́.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gba owó ẹ́límẹ́ǹtì tuntun lọ́wọ́ obìnrin kan nítorí aago tó ń ṣẹ́jú. Ó dùn mí títí di òní. Èrè kéèkì bíi mélòó ló wà nínú owó yẹn!

*

Ẹ fi ọwọ́ kan pọ́lọ́ọ̀gì lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Wáàtì 2000 ń fa áḿpù bíi 9, kì í sì í sinmi tó áyọ́ọ̀nù. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Bí kò bá ṣeé dì mú, nǹkan kan ti dẹ̀ níbẹ̀. Ẹ pa súwíìsì, ẹ fà á yọ, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ojú sókẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti pọ́n, bóyá rọ́bà ibẹ̀ ti yọ́. Ooru tó yẹ kó wà nínú ófùnù ni ẹ ń sun sí ara ògiri yẹn.

Pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún rẹ̀, fíúùsì sì wà nínú rẹ̀, áḿpù 13 ni fún nǹkan ńlá bí ófùnù. Àwọn kan máa ń fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dípò rẹ̀ tó bá jó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Wọ́n ṣe fíúùsì kí ó lè kú kí ilé má baà jó, bébà náà kì í sì í kú.

Kúkà ńlá tó ní ojú iná mànàmáná mẹ́rin pẹ̀lú ófùnù kò gbọdọ̀ lo pọ́lọ́ọ̀gì rárá. Wáyà tirẹ̀ ló yẹ kó ní, èyí tó nípọn, tí yóò wá tààrà láti ibi bírékà.

*

Irin dúdú tí à ń rí nínú ófùnù kọ́ ló ń gbóná ní ti gidi, aṣọ ni. Nínú rẹ̀ ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ká bíi sípíríǹgì, níkẹ́ẹ̀lì àti kíróómù ni wọ́n pò ṣe é. Ìyẹ̀fun funfun, magnesium oxide, ni wọ́n kì yí i ká: ó ń jẹ́ kí ooru kọjá, kò sì ń jẹ́ kí iná kọjá.

Ní ọdún 1892, ní Ottawa lórílẹ̀-èdè Kánádà, Thomas Ahearn fi iná mànàmáná se oúnjẹ àsè odindi kan ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹnu ya àwọn èèyàn. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí irú ààrò bẹ́ẹ̀ tó ráyè wọlé tálákà, torí pé àwọn wáyà ìgbà náà kì í pẹ́ jó dànù bí wọ́n bá ti pọ́n nínú atẹ́gùn. Albert Marsh, ará Amẹ́ríkà, ló gba ẹ̀tọ́ àdáni lórí àdàlú níkẹ́ẹ̀lì òun kíróómù ní ọdún 1906. Bí wáyà yìí bá gbóná, awọ tín-ín-rín kan á bò ó lára, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn jẹ ẹ́ run. Gbogbo ófùnù, tósítà búrẹ́dì àti áyọ́ọ̀nù tó wà nílé wa ló jẹ ọkùnrin náà ní gbèsè.

*

Bí ẹ́límẹ́ǹtì ṣe ń kú kò dọ́gba. Òmíràn á wú níbì kan, á sán, ìyẹ̀fun funfun inú rẹ̀ á yọ síta. Òmíràn kò ní àpá kankan lára, bẹ́ẹ̀ wáyà inú rẹ̀ ti já. Ojú kò lè rí ìyẹn. Mítà ló lè rí i.

Ẹ yọ ófùnù kúrò lára iná pátápátá, kí oníṣẹ́ yọ wáyà kan lára ẹ́límẹ́ǹtì, kó wá wọn ẹnu méjèèjì. Ti wáàtì 2000 yẹ kó wà ní nǹkan bí óòmù 26, ti wáàtì 1000 ní nǹkan bí 53. Bí mítà kò bá fi nǹkan kan hàn, ó ti já. Bí iye náà bá pé, tí kò sì sí iná tó ń jò láti ẹnu kankan sí ara irin rẹ̀, ẹ́límẹ́ǹtì kò mọ̀ nípa ọ̀ràn náà, ẹ jẹ́ ká wá olè síbòmíràn: súwíìsì tí a fi ń yan irú ooru tí a fẹ́, tẹmósítáàtì, tàbí ẹnu wáyà tó ti jó lẹ́yìn.

Gbogbo iṣẹ́ yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Mítà tó lè ṣe é kò wọ́n rárá. Oníṣẹ́-iná tí kò ní in kò tíì gbára dì fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó. Mo mọ ọ̀gá kan tí kì í jẹ́ kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ sọ ohun tó bàjẹ́ lára nǹkan àyàfi tó bá kọ́kọ́ pe iye tó rí lójú mítà. Bí ọmọ náà bá sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ́límẹ́ǹtì ni," á ní, "Èló lo rí?" Bí kò bá rí èló, kò tíì sọ̀rọ̀.

*

Ní àkókò sítóòfù alámọ̀ tí wáyà rẹ̀ wà ní gbangba, bí ó bá já, wọ́n á fa ẹnu méjèèjì, wọ́n á fi kọ́ ara wọn. Ó máa ń tàn, ìdùnnú á sì wà. Ṣùgbọ́n wáyà náà ti kúrú, ó ń fa iná ju ti tẹ́lẹ̀, ojú ìkọ́ náà ló sì ń gbóná jù. Kì í pẹ́ já. Ti inú páìpù kò ṣeé so rárá. Pípààrọ̀ ni.

*

Ó pọ̀ nínú ilé Yorùbá, ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù bákan náà, tí ófùnù jẹ́ ibi ìkó-ìkòkò-sí. Páànù ń bẹ níbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ike tí wọ́n fi gbé jọ̀lọ́ọ̀fù bọ̀ láti òde ìgbéyàwó náà ń bẹ níbẹ̀. Tó bá wá di Kérésì, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jáde, wọ́n á tan ófùnù, iná gbogbo ilé á sì lọ.

Àìlò ló fà á. Ìyẹ̀fun inú ẹ́límẹ́ǹtì máa ń mu omi láti inú atẹ́gùn tó bá pẹ́ tí kò gbóná, omi yẹn á jẹ́ kí iná jò sí ara irin. Ní ilé tó ní bírékà tó ń ṣọ́ iná tó bá jò, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Britain, mílíáḿpù 30 péré ti tó láti já a. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa níbí, bírékà bẹ́ẹ̀ kò sí, ọwọ́ èèyàn ló sì ń mọ̀ ọ́n: ẹ di ilẹ̀kùn ófùnù mú, iná gbé yín. Ẹ má kàn wọ sílíípà kẹ́ ẹ máa lò ó lọ. Ẹ pa á, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí oníṣẹ́ wo wáyà ilẹ̀ bóyá ó dé ilẹ̀ lóòótọ́. Bí ìyẹn bá dára, tó sì jẹ́ pé jíjò náà kò pọ̀, títan ófùnù lófìfo sí ooru kékeré fún ìgbà díẹ̀ máa ń gbẹ omi náà. Bí kò bá gbẹ, ẹ pààrọ̀ ẹ́límẹ́ǹtì.

Ẹni tí kì í lo ófùnù tirẹ̀ déédéé, kó máa tàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì kó ike jáde kó tó tàn án.

*

Tẹmósítáàtì ní okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó sá lọ sínú ófùnù, orí rẹ̀ gùn bíi pẹ́ńsùlù, òróró sì wà nínú rẹ̀. Bí ooru bá dé, òróró á wú, á ti súwíìsì kan, iná á dáwọ́ dúró. Bí ó bá tutù, iná á tún wọlé. Ẹni tó ń fi kànìnkànìn irin fọ ófùnù lè fi agbára ṣẹ́ okùn yẹn láìmọ̀. Òróró á jò. Òmíràn á wá kọ̀ láti gbóná, òmíràn kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, èyí kejì ló sì léwu.

Nítorí èyí kejì yìí ni wọ́n ṣe fi ohun ìdáàbòbò kékeré kan sí ẹ̀yìn ófùnù, tó ń já iná bí ooru bá kọjá ààlà. Lára òmíràn, bọ́tìnì kan wà tí a ó tẹ̀ kó tó padà. Bí ó bá já, ẹ béèrè ohun tó já a: fáànù ìtutù tí ọ̀rá ti mú, tàbí ófùnù tí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri pátápátá. Àwọn kan ń fi wáyà fò ó, ófùnù á gbóná lójú ẹsẹ̀, oníbàárà á dúpẹ́. Inú ń bí mi sí iṣẹ́ yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Ìyá tó ń yan míìtì páì tọ́mọ rẹ̀ ń sùn nínú yàrá kejì kò mọ̀ pé wọ́n ti mú ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kúrò.

*

Ọmọọ́lé fẹ́ràn ẹ̀yìn ófùnù. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, aáyán wà níbẹ̀ láti jẹ. Bí ó bá gba orí bọ́ọ̀dù tó ń darí ófùnù kọjá níbi tí iná wà, á kú síbẹ̀, á sì pa bọ́ọ̀dù. Eku ní tirẹ̀ ń jẹ wáyà. Búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ àti àyẹ̀wò ẹ̀yìn ófùnù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ná wa ní nǹkan kan.

*

Tòkunbọ̀ láti Britain kì í sábà ní wàhálà nílé wa: fóòtì kan náà, pọ́lọ́ọ̀gì kan náà. Ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ófùnù tábìlì kékeré wọn, fóòtì 120 ni wọ́n ṣe fún. Bí èyí tó jẹ́ wáàtì 1500 bá bọ́ sórí 230, yóò fẹ́ mú ju 5500 jáde. Á pọ́n, á sì kú lójú ẹsẹ̀.

Kúkà ńlá wọn tún yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ iná méjì ló ń wọ̀ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan 120, ẹ́límẹ́ǹtì ń lo méjèèjì pọ̀ bíi 240, gílóòbù àti aago sì ń lo ẹyọ kan. Àwọn ará wa tó wà ní Houston tàbí Chicago máa ń sọ pé, "Aago ń ṣiṣẹ́, iná inú rẹ̀ ń tàn, àmọ́ kò gbóná." Ẹ wo bírékà alápá méjì nínú àpótí iná. Ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ kan ti já. Bí wọ́n bá wá kó kúkà yẹn sínú kọntéénà wá sílé, iná wa lè gbóná ẹ́límẹ́ǹtì náà, ṣùgbọ́n 120 tí aago ń retí kò sí nínú wáyà wa, ẹni tó bá so ó bó ṣe rí lè jó bọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

*

Kéèkì tí wọ́n ti pò kì í dúró de oníṣẹ́-iná. Bákìn páńdà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìgbà tí omi ti kàn án. Mo ti rí àwọn obìnrin tó gbé páànù sórí ọ̀kadà lọ sílé oníkéèkì ẹgbẹ́ wọn, tí onílé sì ti tirẹ̀ sẹ́yìn kí ti àlejò lè kọ́kọ́ wọlé. Àwọn mìíràn gbé e lọ sí béékírì. Iṣẹ́ búrẹ́dì tí Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1921 ti bí ọmọ púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi igi dáná sínú ààrò bíríkì. Bíríkì kì í yára tutù. Lẹ́yìn tí búrẹ́dì bá jáde, ooru tó kù níbẹ̀ ṣì lè yan kéèkì, bí ẹni tó mọ ààrò náà bá sọ ibi tí ẹ ó gbé e sí.

*

Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀kan sí i, nítorí owó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn tí iná wọn pọ̀ jù ní Nàìjíríà, fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Ófùnù wáàtì 2000 tó bá jó fún wákàtí kan láìsinmi, ₦450 nìyẹn ní iye ìgbà náà. Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dé dáadáa máa ń sinmi bó bá ti dé ìwọ̀n ooru. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ti ya kì í rí àyè sinmi. Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ fà á: bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ooru ń gba ibẹ̀ lọ.

*

Bí ẹ bá ń lọ ra ẹ́límẹ́ǹtì, ẹ mú ògbólógbòó náà lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò ìlẹ̀mọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tàbí lẹ́yìn, ibẹ̀ ni nọ́ńbà ófùnù, fóòtì àti wáàtì rẹ̀ wà. Èyí tó jọ ọ́ ní ìrísí lè ní wáàtì tó yàtọ̀.

Tí wọ́n bá ti fi tuntun sí i, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan ófùnù lófìfo ná. Èéfín díẹ̀ á yọ, òróró tí wọ́n fi pa á láti ilé iṣẹ́ ló ń jó, kò burú. Ẹ gbé tẹmómítà ófùnù sí àárín, ẹ yí ófùnù sí 180°C, ẹ dúró kó gbóná, kó sinmi, kó tún gbóná. Bí tẹmómítà bá ń sọ 160, ẹ kọ ìyàtọ̀ náà sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ófùnù fún ẹni tí yóò yan nǹkan lọ́la.